Ká Tó Ra Ilé Àgùdà, Ká Tó Fọwọ́ Kan Ògiri Rẹ̀

Bí ilé Àgùdà kan bá débi títà ní Ìsàlẹ̀ Èkó lónìí, ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni àwọn èjẹ́ńtì máa ń díye lé. Ilé fúnra rẹ̀, wọ́n á ní ẹrù lásán ni, ohun tí katapílà yóò kó kúrò nílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe lọ. Àwọn tó fẹ́ ilé náà bó ṣe wà ni mò ń kọ èyí fún: ẹni tó fẹ́ rà á, ọmọ tó jogún rẹ̀ tí kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe, àti ẹbí tí ọ̀ràn ti ká mọ́ débi pé títà ló kù. Kí wọ́n mọ̀ ṣáájú pé kì í ṣe ọjọ́ orí ló ń wó ilé wọ̀nyí. Omi ni, àti simẹ́ńtì, àti ẹjọ́ ẹbí tí kò parí.

Ìrìn àwọn Àgùdà tó kọ́ ilé wọ̀nyí gùn. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn ẹrú Mùsùlùmí dì ní ìlú Salvador, ní Bahia, lọ́dún 1835, ìjọba ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí gbogbo ọmọ Áfíríkà tó ti gba òmìnira. Wọ́n lé àwọn kan, àwọn mìíràn sì fẹsẹ̀ ara wọn wọkọ̀ padà wá sí Èkó, Àjàṣẹ́ àti Ouidah. Ìrìn náà kò sì tíì dáwọ́ dúró nígbà tí Brazil fòpin sí oko ẹrú ní 1888. Bíríkìlà, káfíńtà, alágbẹ̀dẹ àti télọ̀ pọ̀ nínú wọn. Pópó Àgùdà ni wọ́n tẹ̀dó sí ní Èkó, wọ́n sì fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn tún ojú ìlú náà ṣe. João Baptista da Costa ni ọ̀gá tó kọ́ Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. Ìdílé da Rocha, tí bàbá wọn João Esan jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà, kọ́ Ilé Omi sí Òpópónà Kakawa, kànga inú ọgbà rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ta omi fún aráàlú. Àwọn ọmọọ̀ṣẹ́ tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá yìí, tí wọ́n sì fi kọ́ àwọn ẹlòmíràn, ló gbé irú ìkọ́lé yìí lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, Abẹ́òkúta, Ìbàdàn, Òṣogbo àti Iléṣà nígbà tí owó kòkó dé. Ní Àjàṣẹ́, ẹni tó bá rí Mọ́ṣáláṣí Ńlá fún ìgbà àkọ́kọ́ yóò kọ́kọ́ rò pé ṣọ́ọ̀ṣì Bahia ni, títí yóò fi gbọ́ ìpè àdúrà.

Ilé náà ní ètò tirẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ kan là á já láti ẹnu ọ̀nà títì dé ẹ̀yìnkùlé, yàrá sì tò sí ọ̀tún àti òsì rẹ̀. Èyí tó lówó nínú wọn gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé e, tí ìsàlẹ̀ jẹ́ fún ọjà àti ẹrù, tí òkè jẹ́ fún ìdílé. Ògiri rẹ̀ jẹ́ amọ̀ tó nípọn, tí wọ́n fi láìmù rẹ́ lójú. Fèrèsé rẹ̀ ga, orí àwọn kan rí roboto, òdòdó àti ọnà tí wọ́n fọwọ́ mọ sì yí etí wọn ká. Òrùlé rẹ̀ ga sókè kí ooru lè rí ibi sá sí. Ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ kò sí lára rẹ̀ rárá, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n wà. Mo fẹ́ kí ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹ̀yìnkùlé yẹn sọ́kàn, nítorí a óò padà bá a.

Ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, ògiri lẹ́yìn. Ìdí rẹ̀ ni pé ilé wọ̀nyí kì í sábà jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo mọ́. Bàbá tó kọ́ ọ ti kú láti ìgbà pípẹ́, ilé ti di ilé ẹbí, ìdí-igi kọ̀ọ̀kan sì ti bí ọmọ tó bí ọmọ. Ẹnì kan wà ní Sùúrùlérè, ẹnì kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹnì kan sì ń gbé yàrá òkè, kò sì ní ibòmíràn tó lè lọ. Nítorí irú èyí ni ẹ fi ń rí ọ̀dà pupa lára ògiri káàkiri Èkó pé ilé yìí kì í ṣe títà: ẹ̀rù ń ba àwọn ará ilé pé ọmọ ìyá wọn kan lè mú àjèjì wọlé gba owó. Láti ìgbà ẹjọ́ Lewis àti Bankole ní 1908 ni ilé ẹjọ́ Èkó ti ń fìdí ẹ̀tọ́ gbogbo ọmọ sí ilé ẹbí múlẹ̀. Ní 1959, ẹjọ́ Ekpendu àti Erika là á yé wa kedere: bí àwọn ọmọ ẹbí bá ta ohun ìní ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni títà náà. Bí olórí ẹbí bá sì dá a tà láìgba ohùn àwọn àgbà ìdí-igi, wọ́n lè lọ sí kóòtù kí wọ́n sì yí i padà.

Nítorí náà, kí olórí ẹbí fọwọ́ sí i, kí aṣojú ìdí-igi kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí i, kí àwọn tó wà lókè òkun fi ìwé tó bófin mu yan ẹni tí yóò ṣojú wọn. Lọ́yà tiyín, tí kì í ṣe lọ́yà ẹni tó ń tà, ni kó lọ wá orísun ìwé náà ní ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀. Súfeyọ̀ yóò wọn ilẹ̀ náà lọ́tun, nítorí ààlà ẹ̀yìnkùlé máa ń sún láàárín àádọ́ta ọdún. Lẹ́yìn èyí, òfin ilẹ̀ ti 1978 ní kí ẹ gba àṣẹ gómìnà kí rírà náà tó múlẹ̀. Ó gba àkókò, ó sì gba owó. Mo ti rí àwọn tó sáré fo ibẹ̀ nítorí pé ilé náà wù wọ́n, tí wọ́n sì ń ti kóòtù bọ̀ nígbà tí òjò ń ba òrùlé tí wọn kò láṣẹ láti tún ṣe jẹ́.

Ẹ tún béèrè bóyá ìjọba àpapọ̀ ti kéde ilé náà ní mọ́númẹ́ǹtì. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ kò gbọdọ̀ wó ohunkóhun níbẹ̀, ẹ kò sì gbọdọ̀ yí i padà láìgba àṣẹ àjọ tó ń mójú tó mùsíọ́mù àti mọ́númẹ́ǹtì. Ẹ má sì rò pé ìkéde yẹn nìkan ti tó láti dáàbò bo ilé. Ilojo Bar ní Ìta Tinúbú, tí ìdílé Fernandez kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1855, tí ìdílé Ọláìyá rà ní 1933, di mọ́númẹ́ǹtì ní 1956. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o lulẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Ọgọ́ta ọdún ni orúkọ náà fi wà lórí ìwé, ṣùgbọ́n ìkéde kò rọ́pò páànù tó ti jò, kò sì mówó wọlé fún ẹni tó ń gbé abẹ́ rẹ̀.

Tí ìwé bá ti dára, ẹ lọ wo ilé náà nígbà òjò. Ẹni tó ń tà yóò fẹ́ kí ẹ wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí gbogbo nǹkan gbẹ, tí ọ̀dà tuntun ń dán. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ògiri níta, láti ilẹ̀ dé ìbàdí: bí ó bá tutù, tí ọ̀dà rẹ̀ ń ṣí bí èépá, omi ń gòkè láti inú ilẹ̀ nìyẹn. Ẹ wo ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n ti ń da ọ̀dà títì lé ara wọn láti ọdún yìí wá débi pé títì ti ga ju ilẹ̀ ilé mìíràn lọ, àgbàrá sì ń wọ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tààrà. Ibi tí orí igi àjà ti wọ inú ògiri ni kí ẹ ti wá ikán, kì í ṣe àárín igi tí gbogbo ojú ń rí. Káfíńtà tó gbọ́n yóò fi ọ̀bẹ gún un. Bí ọ̀bẹ bá wọlé láìjà, igi náà ti tán nínú.

Ògiri tó sán kò yẹ kó lé yín sá kí ẹ tó mọ irú sísán tó jẹ́. Ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà sọ́tùn-ún àti sósì ibi tó sán, ẹ wọn àárín ìlà méjèèjì, ẹ kọ déètì síbẹ̀, kí ẹ sì padà wọ̀n ọ́n lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Èyí tí kò kúrò lójú kan lè ti wà bẹ́ẹ̀ láti ìgbà bàbá bàbá ẹni tó ń tà. Èyí tó ń fẹ̀ sí i ń sọ̀rọ̀ nípa ìpìlẹ̀. Ẹ bi ara yín pé kí ló ń ṣẹlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé: ǹjẹ́ wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé alájà mẹ́fà níbẹ̀, ǹjẹ́ wọ́n wa ṣaláńgà sún mọ́ ògiri jù?

Ọ̀rọ̀ simẹ́ńtì wá kàn. Ògiri amọ̀ a máa mu omi díẹ̀ láti inú ilẹ̀ àti láti inú òjò, oòrùn àti afẹ́fẹ́ a sì máa fà á jáde padà. Láìmù tí wọ́n fi rẹ́ ẹ kò dí i lọ́wọ́. Simẹ́ńtì yàtọ̀. Ògiri amọ̀ tí wọ́n fi simẹ́ńtì bò dà bí ẹni tó wọ ẹ̀wù rọ́bà lójú oòrùn: omi tó wà nínú kò rọ́nà jáde mọ́. Amọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lẹ́yìn ibi tójú kò tó, simẹ́ńtì sì dá dúró níwájú láìdi ohunkóhun mú. Bí ẹ bá fi ìka gbá a, ẹ ó gbọ́ ohùn òfìfo. Lọ́jọ́ kan, odindi ojú ògiri yóò já wálẹ̀ pẹ̀lú òdòdó àti ọnà tí kò sẹ́ni tó mọ irú rẹ̀ mọ́. Onílé yóò sáré pe bíríkìlà, bíríkìlà yóò tún po simẹ́ńtì tó le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Kì í ṣe gbogbo ilé ló rí bẹ́ẹ̀ ṣá o. Àwọn kan tí wọ́n kọ́ ní Ìbàdàn, Ìjẹ̀bú tàbí Iléṣà nígbà tí simẹ́ńtì ti wọ́pọ̀ jẹ́ búlọ́ọ̀kù látìbẹ̀rẹ̀, tí òdòdó ara wọn náà jẹ́ simẹ́ńtì. Simẹ́ńtì kò ní í pa irú wọn lára. Ẹ ha díẹ̀ lára ògiri níbi kọ́lọ́fín, ẹ bu omi sí i. Amọ̀ yóò yọ́ mọ́ yín lọ́wọ́, búlọ́ọ̀kù kò ní í yọ́. Gbogbo ìpinnu tó kù lórí àtúnṣe dúró lórí àyẹ̀wò kékeré yìí.

Nínú àtúnṣe, omi ni kí ẹ kọ́kọ́ lé jáde. Òrùlé, gọ́tà, ibi tí omi òrùlé ń dà sí, ilẹ̀ tó yí ilé ká tó yẹ kó dagẹ̀rẹ̀ kúrò lára ògiri: wọ̀nyí kò ní í hàn nínú fọ́tò, àwọn ni kí owó àkọ́kọ́ bá lọ. Bí páànù ìgbàanì bá ti jẹ tán, ẹ lè fi alumíníọ̀mù tuntun rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má tẹ òrùlé náà mọ́lẹ̀ kí ẹ lè dín igi kù. Gíga rẹ̀ ló ń jẹ́ kí yàrá òkè ṣeé sùn lọ́sàn-án.

Lẹ́yìn tí ògiri bá ti gbẹ, ẹ ṣí simẹ́ńtì tó ti dá dúró kúrò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Èyí tó ṣì di amọ̀ mú gírígírí, ẹ fi sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, nítorí fífà á tu lè kó ògiri dání. Amọ̀ ni kí ẹ fi dí ibi tí amọ̀ ti jẹ: ẹ rẹ ẹ́ sómi, ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ẹ po koríko gbígbẹ mọ́ ọn, ẹ sì máa fi lé e ní ìpele-ìpele, kí ọ̀kan gbẹ díẹ̀ kí òmíràn tó gùn ún. Orí èyí ni láìmù yóò wá, ìwọ̀n láìmù kan sí ìwọ̀n yanrìn mẹ́ta. Ẹ ṣọ́ra nígbà tí ẹ bá ń rà á. Òkúta ẹfun lílọ̀ tí àwọn àgbẹ̀ ń dà sóko kì í ṣe láìmù tí a fi ń kọ́lé, kò sì ní í di ohunkóhun mú láé. Èyí tí wọ́n ti jó nínú iná tí wọ́n sì ti bomi pa ni kí ẹ béèrè. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò níbi kékeré. Ẹ ta àpò tútù bo ibi tí ẹ bá rẹ́, kí oòrùn má baà sáré gbẹ ẹ, nítorí láìmù fẹ́ sùúrù, bíríkìlà tí ẹ ń san owó ọjọ́ fún kò sì ní í fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ bá a ṣe àdéhùn iṣẹ́ dípò ọjọ́. Ẹ má sì kun ọ̀dà olóyìnbó tó ń dán lé láìmù lórí, ohun tí ẹ lé jáde lẹ́nu ọ̀nà ni ẹ ń gbà wọlé lójú fèrèsé yẹn.

Ọnà ara fèrèsé ni kò gbọdọ̀ dúró de ọjọ́ tí owó yóò yọ. Níbi tó bá ṣì kù, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ sì mú àwòṣe rẹ̀ kó tó já. Etí ògiri tó rí gbọọrọ rọrùn: oníṣẹ́ yóò gé páànù pẹlẹbẹ kan kí etí rẹ̀ bá ìrísí ti àtijọ́ mu, yóò sì máa wọ́ ọ lórí láìmù tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi tó tọ́. Òdòdó ni iṣẹ́ ńlá, ó fẹ́ ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n. Mo rò pé ohun tó yẹ kí àwọn onílé tó lówó ṣe ni kí wọ́n fi ọ̀dọ́ méjì-mẹ́ta sẹ́yìn àgbà bíríkìlà tó bá ṣì kù, kí wọ́n sì máa san owó fún wọn bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ. Bí àwọn Àgùdà náà ṣe tan iṣẹ́ yìí ká nìyẹn.

Fèrèsé onígi ńkọ́? Ẹni tó bá yọ ọ́ kó lè fi fèrèsé alumíníọ̀mù tí wọ́n ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rọ́pò rẹ̀ ti pàdánù ìdajì afẹ́fẹ́ ilé, nítorí irú fèrèsé yẹn kì í ṣí ju ààbọ̀ lọ. Ti àtijọ́ ń ṣí tán pátápátá, èyí tó ní pákó wínníwínní sì ń gba afẹ́fẹ́ wọlé bí a tilẹ̀ tì í. Káfíńtà lè gé ibi tó jẹrà kúrò kó sì so igi tuntun mọ́ èyí tó dára. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ fi gíláàsì sí inú lọ́hùn-ún, kí onígi wà níta.

A ti padà dé ẹ̀yìnkùlé. Gbogbo ẹni tó ra ilé wọ̀nyí lóde òní ló fẹ́ ilé ìwẹ̀ nínú yàrá, mo sì mọ̀ pé kò sẹ́ni tí yóò gbà láti máa sọ̀kalẹ̀ lóru. Ṣùgbọ́n ilé ìwẹ̀ lórí àjà onígi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri amọ̀, àrùn ni. Páìpù kan tó ń jò láìhàn yóò ba ohun tí òjò ọgọ́rùn-ún ọdún kò bà jẹ́. Ẹ kọ́ ọwọ́ ilé kékeré kan sẹ́yìn, kó ní ìpìlẹ̀ tirẹ̀, kó má gbé ara lé ògiri àtijọ́, kí ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ wà níbẹ̀ nísàlẹ̀ àti lókè, kí afárá kúkúrú sì so ó mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ gbé táńkì omi lé irin tó dá dúró. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà, nítorí gbígbọ̀n rẹ̀ kò dára fún ògiri. Kí oníṣẹ́ iná fi wáyà sínú páìpù lójú ògiri, kó má gbẹ́ ògiri náà. Ẹ má sì pín ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún ayálégbé láé. Bí ẹ bá dí i, ẹ ti pa afẹ́fẹ́ ilé náà.

Ilé tí a tún ṣe gbọ́dọ̀ ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Ní Òṣogbo, oníṣẹ́ ọnà Susanne Wenger gbé ilé alájà tí wọ́n kọ́ bíi ti Àgùdà ní Ọ̀nà Ìbòkun títí ó fi kú ní 2009. Ní Àjàṣẹ́, ilé Àgùdà kan ni Mùsíọ́mù da Silva wà. Salvador fúnra rẹ̀ kọ́ wa ní apá kejì ọ̀rọ̀ náà. UNESCO kọ àárín ìlú àtijọ́ ibẹ̀ mọ́ ogún àgbáyé ní 1985, ìjọba sì tún àdúgbò Pelourinho tó wà níbẹ̀ ṣe láwọn ọdún 1990, ṣùgbọ́n wọ́n kó ọ̀pọ̀ òtòṣì tó ń gbé ibẹ̀ kúrò. Ilé dára lójú àlejò, àwọn tó ni àdúgbò sì tú ká. Bí ìyá àgbà kan bá ń gbé yàrá ìsàlẹ̀ nínú ilé tí ẹ rà, ẹ jẹ́ kí yàrá rẹ̀ wà nínú àwòrán àtúnṣe láti ọjọ́ kìíní.

Fún ẹbí tó fẹ́ tà, ìmọ̀ràn mi ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò ó bóyá yíyá lè tó. Wọ́n lè fi ilé náà yá ilé-iṣẹ́, ilé-oúnjẹ tàbí ilé ìpàtẹ àwòrán fún ogún ọdún, kí ayálégbé tún un ṣe lábẹ́ àdéhùn tó sọ irú àtúnṣe tó gbọ́dọ̀ jẹ́, kí ilé sì padà sọ́wọ́ ẹbí. Tó bá jẹ́ títà náà ló kù, ẹ má gbé e fún èjẹ́ńtì tó ń ta ilẹ̀ nìkan. Ẹ wá ẹni tó ń ra ilé: àwọn ọmọ wa tó ń bọ̀ láti òkè òkun, àwọn ayàwòrán ilé, àwọn tó ń ṣe òtẹ́ẹ̀lì kékeré. Ẹ tún òrùlé ṣe, ẹ gbá ẹ̀yìnkùlé, ẹ ṣí gbogbo fèrèsé lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń bọ̀ wá wò ó, kí wọ́n lè rí bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gba inú rẹ̀ já. Ẹ má fi ọ̀dà bo ibi tó sán, ẹ fi ìlà pẹ́ńsù àti déètì yín hàn wọ́n.

Kí ohun tí ẹ ó fi lé oníbàárà lọ́wọ́ ju ìwé ilẹ̀ lọ. Ẹ fi fọ́tò àtijọ́ sí i, àwòrán ilé tí ayàwòrán wọ̀n, orúkọ ẹni tó kọ́ ọ bí ẹbí bá mọ̀ ọ́n, ìwọ̀n láìmù àti yanrìn tí ẹ lò, pákó àti gíláàsì aláwọ̀ tó ṣẹ́kù, kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ gbogbo. Kí lọ́yà yín wò ó bóyá a lè kọ sínú àdéhùn pé ojú ilé náà kò ní í di wíwó. Kí ẹni tó rà á sì ní nọ́ńbà bíríkìlà tó rẹ́ ògiri náà àti ti káfíńtà tó tún òrùlé ṣe, kí wọ́n ti wá wò ó kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé.